Ojú Ọmọ Alágbàfọ̀ Lára Gíláàsì

Ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé tó ń wá bá mi báyìí máa ń sú mi. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣí ìwé lé orí eékún, wọ́n á ní, "Màmá, irú kámẹ́rà wo ni ọkọ yín lò? Ọdún wo ló ya òpópónà báyìí báyìí?" Kí lèmi mọ̀ nípa ọdún? Èmi ni mò ń fọ gíláàsì. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi fọ gíláàsì fún ọkùnrin yẹn, omi gbígbóná sì ti jẹ èékánná mi tán. Wọ́n á bi mí ní gbogbo ohun tó yà. Wọn ò bi mí ní ohun tí mo fọ̀ dànù rí. Ẹ̀yin tí ẹ ò wá pẹ̀lú ìwé ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Dúró-Jẹ́ẹ́ ni gbogbo ìgboro ń pe ọkọ mi. Ohun tó máa ń wí lójoojúmọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Á gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, á yọ orí padà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró jẹ́ẹ́," á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti oókan dé ẹẹ́fà. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn kì í yára. Ẹni tó bá dúró títí ó fi ka ẹẹ́fà, ó wọ inú àwòrán nìyẹn. Ẹni tó bá mira díẹ̀, á dà bí èéfín. Ẹni tó bá ń rìn lọ ní tiẹ̀, kò ní sí níbẹ̀ rárá, àfi bí ẹni pé kò gba ọ̀nà yẹn kọjá rí. Àwọn ajá ló tilẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: kò sí èyí tó ní ìrù nínú gbogbo àwòrán tí ọkọ mi yà.

Iṣẹ́ ìwé dídì, ká rán ewé ìwé pọ̀ sínú èèpo, ló kọ́kọ́ kọ́. Ayàwòrán àgbà kan tó ń bá di ìwé ló ta kámẹ́rà rẹ̀ fún un nígbà tí ọwọ́ bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Inú mi dùn, mo rò pé a ti di èèyàn ńlá. Inú ilé ni àwọn ayàwòrán yòókù ń jókòó sí. Wọ́n á ta aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí sára ògiri, wọ́n á gbé àga rèǹtè-rente síwájú rẹ̀, àwọn ọlọ́lá á sì wá jókòó nínú aṣọ tuntun. Tèmi kọ̀. Ó ní òun ò wá ẹni tó lọ yá kóòtù wọ̀. Ó ní ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ lòun fẹ́, ẹni tó ń tún bàtà ṣe, aláàárù, obìnrin tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀, bí wọ́n ṣe wà lójú ọ̀nà gan-an, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ya irú wọn.

"Ìdí tí wọn ò fi ń yà wọ́n ni pé wọn ò ní san nǹkan kan," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. Ata ló ń pè mí, nítorí ẹnu mi. "Ata mi," ó ní, "ìwọ ṣáà máa bá mi fọ gíláàsì."

Mo sì ń bá a fọ̀ ọ́. Orí gíláàsì ni wọ́n ń ya àwòrán sí nígbà náà, kí wọ́n tó wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọkọ mi á po oògùn, á fi kun gíláàsì nínú yàrá òkùnkùn wa, yàrá tó jẹ́ pé bí èèyàn méjì bá wà níbẹ̀, ọ̀kan ní láti mí sínú kí èkejì tó lè yíjú. Gíláàsì ò sì rọrùn láti rí. Nítorí náà, èyí tó bá bàjẹ́, á kó o sínú bàsíà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi á fi omi gbígbóná àti sódà bó o. Oògùn náà á ká kúrò bí awọ orí wàrà, tòun ti ẹni tó wà lára rẹ̀, a ó sì rí gíláàsì tónítóní lò padà. Òfin wa ò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó bá wà nínú bàsíà ni kí n fọ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kí n má fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kan a lọ sí àdúgbò àwọn alágbàfọ̀. Ọ̀nà tóóró ni, okùn ta láti fèrèsé dé fèrèsé, ẹ̀wù àwọn ẹni ẹlẹ́ni ń kán sí wa lórí, omi ọṣẹ ń ṣàn gba ẹsẹ̀ wa kọjá. Alágbàfọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ bí ọdún mẹ́fà. Òkòtó ló ń pè é, nítorí pé ọmọ náà kì í dúró lójú kan, ńṣe ló máa ń yí bírí bírí. Bí ọkọ mi ṣe ní kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ báyìí, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Òkòtó já kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré wá síwájú kámẹ́rà, ó nà gbọnrangandan, ó rẹ́rìn-ín, kò sì mira títí ọkọ mi fi ka ẹẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti bí i, òun ò rí i kó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ orí rẹ̀ ti bo gbogbo àdúgbò mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà á padà, ọkọ mi sì tún àdúgbò náà yà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí dáa: okùn wà níbẹ̀, aṣọ wà, àwọn obìnrin wà nídìí omi wọn. Òkòtó náà wà, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ṣùgbọ́n kò di orí rẹ̀ mú. Láti ọrùn wálẹ̀ ọmọ ni, láti ọrùn lọ sókè èéfín ni.

Mo rò pé gíláàsì àkọ́kọ́ yẹn á wọ bàsíà. Kò wọ̀ ọ́. Ojú fèrèsé ni ọkọ mi gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa. Láràárọ̀ á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á wò ó, á rẹ́rìn-ín músẹ́, kó tó kí mi pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ò bímọ. A wá a títí. Oyún méjì wá, méjèèjì bàjẹ́. Ọkọ mi ò fi ìyẹn bú mi rí, kò sì jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ kankan fi bú mi lójú òun. Àmọ́ gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá ni mò ń jí rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọlọ́mọ. Mo fara dà á fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tó jáde, mo mú gíláàsì náà, mo gbé e sókè bí òun ṣe máa ń gbé e, mo wò ó, mo wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbé omi kaná, mo bu sódà sí i, mo bó o. Bó ṣe ń ká kúrò ni mò ń sunkún, inú sì tún ń bí mi sí ẹkún náà. Nígbà tí ọkọ mi dé tó béèrè, mo ní bóyá ó ti kó o mọ́ àwọn tó wà lórí pẹpẹ. Ó ní bóyá ni, kò sì béèrè mọ́. Ìbínú ò da nǹkan fún ni, gbogbo wa la mọ òwe yẹn, bẹ́ẹ̀ la ò yéé bínú.

Ọdún kan ààbọ̀ kọjá. Ibà wọ àdúgbò àwọn alágbàfọ̀, ó mú ọmọ mẹ́rin lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. A gbọ́ pé Òkòtó wà nínú wọn. Ọkọ mi lọ bá ìyá rẹ̀ kẹ́dùn. Èmi ò lè lọ. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ó tó oṣù méje lẹ́yìn ìyẹn kí obìnrin náà tó wá kan ilẹ̀kùn wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jókòó sétí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé dìde. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti jẹ pamọ́ sí àárín itan. Mo bu omi fún un, kò mu ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní fún mi, nítorí pé mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, "ẹ má bínú pé mo wá láìránṣẹ́ síwájú. Ojú ọmọ mi ń kúrò lọ́kàn mi. Ohùn rẹ̀ wà, mo ń gbọ́ ọ. Aṣọ rẹ̀ wà nílé, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àmọ́ bí mo bá dijú pé kí n wo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Oṣù méje péré. Irú ìyá wo nìyẹn?"



Ó yíjú sí ọkọ mi. "Bàbá, ọjọ́ tí ẹ wá yà wá, ó dúró síwájú yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó dúró láyé rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ ṣì ní i?"

Ojú ọkọ mi tàn. "Mo ní i," ó ní. "Èmi fúnra mi ni mo fi í pamọ́. Fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta, màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún ọ, wàá gbé e kọ́ sí ibi tí wàá ti máa rí i."

Obìnrin náà dìde. Ó di ọwọ́ ọkọ mi mú, ó wá di tèmi náà mú, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Títí di òní, ọwọ́ mi yìí ń rántí ọwọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nìyẹn. Pẹpẹ mẹ́rin ni, gíláàsì tó wà lórí wọn lé ní ẹgbẹ̀ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò bébà. Ọkọ mi á fa ọ̀kan yọ, á gbé e lọ sí ojú fèrèsé, á dá a padà. Èmi náà bá a wá a. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo bá a wá ohun tí mo mọ̀ pé kò sí, odidi ọjọ́ méjì. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun. Gbogbo ìgboro ló gba ọwọ́ wa kọjá. Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ tòun ti òkúta rẹ̀. Aláàárù tó sùn lé ẹrù. Arúgbó méjì tí wọ́n jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ọkọ mi ń wí bó ṣe ń wò wọ́n: "Èyí ti kú. Èyí ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ilé yìí, wọ́n ti wó o." Ogún ọdún ni mo ti fi ń bá a fọ gíláàsì, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ń ṣe. Kò sẹ́ni tó tún máa rí àwọn èèyàn yẹn láéláé bí kò bá yà wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì ó rí èkejì, èyí tí orí ọmọ náà ti di èéfín. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nínú oòrùn ojú fèrèsé, ó wò ó, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Mi ò lè gbé èyí fún ìyá ọmọ," ó ní. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àpò bébà, ó fọwọ́ lé orí. "Ata, ọpọlọ mi ti ń kú. Mo ti ń darúgbó. Níbo ni mo gbé ọmọ ọlọ́mọ sí?"

Ìyẹn ló pa mí. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú mi.

"Ẹ ò gbé e síbì kankan," mo ní. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Ó wò mí. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

"Kò sí nínú bàsíà," ó ní.

"Kò sí níbẹ̀."

"Ṣé o ṣèèṣì ni?"

"Rárá o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Láràárọ̀ lẹ ń rẹ́rìn-ín sí i. Inú bí mi."

 Nígbà tó yá, ó sún díẹ̀, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n jókòó, mo sì jókòó.

"Mo máa ń rò ó pé ká ní ọ̀kan nínú tiwa dúró," ó ní, "irú ẹnu báyẹn ni ì bá ní. Ẹnu tìẹ. Ìyẹn ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí."

A sunkún díẹ̀, àwa àgbàlagbà méjì, láàárín bébà. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní òun á sọ fún alágbàfọ̀ pé ó já bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní gíláàsì ni, gíláàsì máa ń fọ́, kò sẹ́ni tó máa bi wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín, irọ́ náà dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ gbà á. Bí kì í bá ṣe pé obìnrin náà di ọwọ́ mi mú, ǹ bá ti gbà á.

"Ẹ jókòó yín," mo ní. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi ni màá lọ sọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá alágbàfọ̀ náà nídìí omi rẹ̀, ṣòkòtò ẹnì kan ló ń fọ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọwọ́ mi, ó rí i pé òfìfo ni. Ó gbé ìjókòó fún mi, mi ò jókòó. Ẹni tó wá gba èébú kì í jókòó. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀: ojú fèrèsé, ẹ̀rín ọkọ mi, omi gbígbóná, sódà. Mo sọ ti oyún méjì náà, kì í ṣe pé kó lè ṣàánú mi, ó kàn jẹ́ pé bí mo bá yọ ìyẹn kúrò, kò ní jẹ́ òótọ́ mọ́.

Ó ń fọ ṣòkòtò náà lọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó dáwọ́ dúró. Mò ń retí kó da omi yẹn sí mi lórí. Mo tiẹ̀ ń fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wò ó kí ẹ tó fọ̀ ọ́?" ó ní.

"Mo wò ó."

"Ẹ wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó pẹ́. Kò tíì kúrò lójú mi."

Ó fi ẹsẹ̀ sún ìjókòó náà sọ́dọ̀ mi. "Ó yá, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Mo wá jókòó. Mo dijú kí n lè rí gíláàsì náà dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀. "Irun rẹ̀ funfun..."

"Irun ọmọ mi funfun?"

"Funfun báláú. Eyín rẹ̀ wá dúdú..."

"Eyín ta ló dúdú?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Eyín Òkòtó? Ọmọ tó jẹ́ pé eyín rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí òun gan-an?"

Ìgbà yẹn ni orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Ìdàkejì ni gbogbo nǹkan lórí gíláàsì: dúdú á di funfun, ọ̀tún á di òsì, títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Wọn ò tẹ ti ọmọ yìí sórí bébà rí. Ojú gíláàsì nìkan ni mo mọ̀, ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò rántí yí i padà. Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ obìnrin náà ò dúró gbọ́.

"Ó funfun," ó ní. "Méjì ti ká lókè, níwájú, ó ju ọ̀kan sórí òrùlé, a ò rí èkejì. Ó ní òun gbé e mì."

"Ó yọ ahọ́n síta," mo ní.

"Kì í yọ ahọ́n sí àgbà. Àlàfo eyín yẹn ni ahọ́n máa ń gbà jáde bó bá ń rẹ́rìn-ín."

"Àpá kékeré kan wà lábẹ́ ojú òsì."

"Ojú ọ̀tún ni." Ó fi ìka tútù kan abẹ́ ojú ọ̀tún tirẹ̀. "Etí garawa ló gbá a níbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá."

Mo lajú, mo wò ó. Ẹnu mi tí gbogbo ayé ń sá fún yìí, mo mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ sísọ. Bí o bá bi èèyàn léèrè, ó lè ní òun ò mọ̀. Àmọ́ bí o bá ṣì í sọ lójú rẹ̀, kò ní lè pa á mọ́ra. Mo bá mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í sọ. Ọlọ́run á dárí jì mí.

"Iwájú orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ," mo ní.

"Bíi ti ta ni? Ó yọ gọngọ ni, ti bàbá rẹ̀ ló gbé. A máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́ pé òjò ò lè pa á lójú."

"Etí rẹ̀ kéré."

"Etí rẹ̀ fẹ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń pọ́n."

"Àgbọ̀n rẹ̀ rí ṣóńṣó."

"Ihò kan wà láàárín rẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. "Omi máa ń dúró síbẹ̀ bí mo bá ń wẹ̀ fún un. Màá fi ìka nù ún."

Ó ti dijú. Ọwọ́ rẹ̀ tó tutù wà lórí itan rẹ̀. Mo la ẹnu pé kí n bọ́ sórí imú, ó gbé ọwọ́ kan sókè.

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ó wà níbí."

Mo dákẹ́. Mi ò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn aṣọ ń kán sí wa lórí, aládùúgbò kan kọjá, ó kí wa, a ò dá a lóhùn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín ní kékeré, kì í ṣe èmi ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ó pẹ́ gan-an kó tó lajú. Ó mú ṣòkòtò náà, ó tún tì í bọ omi.

"Mo bẹ̀ ọ́," mo ní. "Dárí jì mí."

"Inú ń bí mi sí yín," ó ní. "Ó ṣì máa bí mi fún ìgbà díẹ̀."

Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo ti dé abẹ́ okùn kẹta nígbà tó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo yíjú padà. Kò gbé orí sókè nídìí omi.

"Ẹ ò tíì ṣi ti imú sọ," ó ní. "Ẹ wá lọ́la."